Pákó Kan, Àwòrán Púpọ̀

   Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè jọ eré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ àwọn ọmọ wa ni, ó sì kan owó àpò wa pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ni.

Bí ọmọ bá wí fún àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjerò, ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ àwòrán, ohun tí bàbá sábà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ni yóò rà á?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ẹni tí ń san owó ilé ìwé ni ó ni ín. Ìyá á sì fi tirẹ̀ kún un pé, "Ṣé ẹ̀sìn gbà á?" Èyí náà kò burú. A ó gbìyànjú láti dáhùn méjèèjì lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ.

Kí ni àwòrán títẹ̀? Ẹ wo òǹtẹ̀ tí akọ̀wé ń tẹ̀ sára ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹnì kan ti fín ọ̀rọ̀ náà sára rọ́bà ní òdì. Akọ̀wé á fi kan tàdáwà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ á sì hàn ní títọ́. Ohun tí ayàwòrán ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé igi, línò tàbí páànù ni ó ń lò, àwòrán tí ó sì ti inú ọpọlọ ara rẹ̀ jáde ni ó ń fín.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè tẹnu mọ́. Ní ọ̀nà kìíní, a ó gbẹ́ ibi tí a kò fẹ́ kúrò, ibi tí ó bá yọ sókè ni yóò gba tàdáwà. Ní ọ̀nà kejì, a ó ha ojú páànù, tàbí kí a jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú rẹ̀. A ó fi tàdáwà kún ojú ìlà náà, a ó nu òkè rẹ̀ mọ́, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ bébà tútù mọ́ ọn títí bébà yóò fi fa tàdáwà jáde láti inú kòtò. Ọmọ ilé kéwú tí ó ti fọ wàláà rí yóò mọ èyí dáadáa: bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, tàdáwà á máa kù síbi tí pákó bá ti sán. Ní ọ̀nà kẹta, a ó gé ihò sára páànù, a ó gbé e lé aṣọ tàbí bébà, ohun tí a bá fi kùn ún á sì gba ojú ihò nìkan kọjá.

Ẹ̀yin ìyá aláró, ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ̀nà kẹta yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin a máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù ní oníhò, wọn a sì fi ẹ̀kọ gba ojú ihò náà sára aṣọ. Bí aṣọ bá wọ inú aró tí ó jáde, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu ẹ̀lú. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe àjọyọ̀ ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, àwọn aláró wa ṣe aṣọ tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba, tí a mọ̀ sí Olóba. Aṣọ kan náà ń jáde léraléra láti ara páànù kan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé àwòrán títẹ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí wa, kò tíì wo inú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ dáadáa.

Àwa Mùsùlùmí pàápàá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkẹrìnlá, àwọn kan a máa gbẹ́ àdúrà àti àyọkà Kùránì sára pákó tàbí páànù, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sórí tákàdá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ká sínú tírà. Díẹ̀ nínú tákàdá wọ̀nyí ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lónìí. Àwọn ará Ṣáínà ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn: ìwé kan tí a tẹ̀ láti ara pákó ní ọdún 868 ṣì wà títí di òní. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí Gutenberg ti ilẹ̀ Jámánì tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ jáde ní àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ sì ro iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ wò. Nítorí pé ohun tí a fín máa ń yí padà bí a bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà Lárúbáwá tí à ń kọ láti ọ̀tún sí òsì ni agbẹ́pákó náà ní láti gbẹ́ láti òsì sí ọ̀tún, láìṣi ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà ní Zaria dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní kọ ẹ̀kọ́ òyìnbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò sì ní sọ ọgbọ́n ilé nù. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí a bí ní Agbarha-Otor ní ọdún 1932, wà lára wọn. Ní ọdún 1962, wọ́n ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo, ní ilé Dúró Ládiípọ̀ onítíátà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé ti kọ́ bí a ṣe ń fín línò. Georgina Beier darí ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀ ní ọdún 1964, láàrin àwọn tí òkìkí wọn sì kàn lẹ́yìn náà ni Muraina Oyèlámì ará Ìràgbìjí, Jimoh Buraimoh ará Òṣogbo tí ó ń ṣètò iná fún eré Ládiípọ̀, àti Táíwò Ọláníyì tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven. Ru van Rossem, ayàwòrán ará ilẹ̀ Netherlands, náà kọ́ àwọn ènìyàn wa ní iṣẹ́ orí páànù ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Òṣogbo yìí kò ní ìwé ẹ̀rí ńlá kankan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí pé Òṣogbo kò jìnnà sí wa: ẹni tí ó bá gbéra ní Ẹ̀fọ̀n tí ó gba Iléṣà, ó lè débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Láyé àtijọ́, òfin mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ní. Pákó tàbí páànù ni a ó fín, orí bébà ni a ó tẹ̀ ẹ́ sí, gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn ayàwòrán òde òní ti tún ṣe, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dùn nìyí.

Ní ọdún 1967, ásíìdì ba páànù kan jẹ́ mọ́ Onobrakpeya lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ìbá sọ ọ́ sí ààtàn. Òun fi gọ́ọ̀mù líle tún un ṣe, ó sì rí i pé bí a bá tẹ irú páànù bẹ́ẹ̀, àwòrán rẹ̀ á yọ sókè lára bébà tí afọ́jú pàápàá lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ó sọ ìjàǹbá yìí di ọ̀nà iṣẹ́ tuntun, ó sì sọ ọ́ ní plastograph. Nígbà tí ó yá, kò fi mọ sórí bébà mọ́. Ó ń tẹ àwòrán sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń to àwọn páálí tí ó ti fín jọ di ohun ńlá tí ènìyàn lè rìn yí ká. Òun náà ni ó ya àwòrán inú ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Láti ọdún 1963 títí di 1980, olùkọ́ ilé ìwé ni ní St. Gregory's College ní Èkó, ó ń fi chalk kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1998, ó dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọdọọdún sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, tí àwọn ayàwòrán láti ibi gbogbo ń lọ.

El Anatsui, ọmọ ilẹ̀ Ghana tí ó wá ṣe olùkọ́ ní Nsukka láti ọdún 1975, ni èkejì. Òun ni ó ń fi ìdérí ìgò ṣe aṣọ ńlá. Lórí àwọn tábìlì pákó kan ni àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti ń lu ìdérí wọ̀nyí ní ihò fún ọdún pípẹ́, ojú tábìlì náà sì kún fún àpá. Ní ọdún 2017, àpá wọ̀nyẹn gan-an ni ó sọ di àwòrán títẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wo pákó tí ẹ fi ń gé ẹran nílé ìdáná. Gbogbo àpá ọ̀bẹ tí ó wà lára rẹ̀, ìtàn oúnjẹ tí ẹ ti fún ilé jẹ ni. Ohun tí Anatsui rí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, obìnrin ni. Njideka Akunyili Crosby, tí a bí ní Enugu ní ọdún 1983, a máa kó àwòrán jọ láti inú ìwé ìròyìn, láti ara aṣọ àjọyọ̀ àti láti inú fọ́tò ìdílé, a sì fi òògùn olómi fà wọ́n kúrò lórí bébà kan sórí òmíràn, lẹ́yìn náà a fi ọ̀dà ya ènìyàn àti yàrá lé e lórí. Àwòrán títẹ̀ àti àwòrán yíyà á wá di ọ̀kan, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì ní jẹ́ méjì. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ MacArthur ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn 625,000 dọ́là dá a lọ́lá.

Ǹjẹ́, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá tí ó bèèrè pé ta ni yóò rà á. A kò ní fi ẹ̀bùn Njideka tàn yín jẹ o. Ẹni kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ni irú ìyẹn ń bá. Ìdáhùn wa wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ọlọ́dà kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó lè tà á, ó sì ní láti jẹ́ olówó ni yóò rà á. Ẹni tí ó fín pákó kan lè tẹ 25 jáde. Bí a bá fi ṣe àpẹẹrẹ lásán pé ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20,000 náírà, 500,000 náírà ni pákó kan mú wọlé, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì sì lè ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan láìjẹ gbèsè. Èyí ni ó fi yẹ ìlú tí olówó kò pọ̀ sí. Síbẹ̀, kò ní dára kí ọmọ gbójú lé e nìkan. Onobrakpeya fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun fún ọdún 17 kí ó tó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń fín, tí ó tún mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, iṣẹ́ aṣọ tàbí iṣẹ́ olùkọ́, kò ní sùn lébi.

Ẹni tí yóò bá sì rà gbọ́dọ̀ lajú. Ìsàlẹ̀ àwòrán títẹ̀ tòótọ́ a máa ní nọ́ńbà tí ayàwòrán fi pẹ́ńsùlù kọ, bíi 3/25, tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀kẹta ni nínú 25, a sì máa ní ìfọwọ́sí rẹ̀. Bí 25 bá ti pé, olóòótọ́ ayàwòrán á fa ìlà gba ojú pákó náà kọjá kí a má baà tún tẹ òmíràn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà, tí wọ́n sì ń tà á bí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fi dígí tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kìkì ẹyọ tó-tò-tó tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ni ó ṣe é. Ohun kan náà ni ó ń pa àwọn aláró wa lára. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí ni ọ̀pọ̀ ń rà lọ́jà, tí wọ́n rò pé ìyá kan ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ ẹ́ ní aró. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùtà pe orúkọ rẹ̀ bí ó ti jẹ́. Òṣùwọ̀n tí kò pé àti orúkọ tí kì í ṣe òtítọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ti ìbéèrè ìyá, àwọn àlùfáà wa kò fi ọ̀rọ̀ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí ṣeré, èrò wọn lórí rẹ̀ kò sì dọ́gba láti ìgbà pípẹ́. Kí olúkúlùkù bi àlùfáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kò ní wàhálà. A gbọ́ nínú hadísì pé ọkùnrin kan tí àwòrán jẹ́ iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ tọ Ibn Abbas lọ, ìmọ̀ràn tí ó sì gbà ni pé bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ewé, òdòdó, ìràwọ̀, ọnà wíwọ́ àti lẹ́tà dáradára: ọmọ tí ó bá fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ fín ìwọ̀nyí kò ní rí òpin wọn.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, ọmọ agbo ilé Adéṣínà tí ó kú ní ọdún 1945, ni ó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè, tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ́ ọmọ wọn ní òkè òkun. Agbo ilé kan náà ni òkìkí rẹ̀ kàn fún iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ adé ọba. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń fi irin fín igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ àwòrán títẹ̀ tán. Ìyàtọ̀ kò ju tàdáwà àti bébà lọ. Ìjerò pàápàá kò gbẹ́yìn. Amọ̀ funfun ń bẹ nínú ilẹ̀ wọn, irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ń fi kun ojú bébà kí ó lè dán, kí tàdáwà má sì tàn lórí rẹ̀. Igi, irin, amọ̀ àti ọgbọ́n kò wọ́n wa. Ohun tí ó lè wọ́n wa ni ọmọ tí yóò kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ń tún ilé àwọn baba wa ṣe, ẹ má sọ ilẹ̀kùn onífínfín, ìrin ìgbẹ́gi àti páànù oníhò àwọn ìyá aláró di igi ìdáná tàbí ohun títà fún alókùúta-irin. Ọmọ tí kò rí iṣẹ́ baba rẹ̀ rí, kí ni yóò fi ṣe àwòkọ́?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ dán èyí wò nílé kí ọdún Iléyá tó dé. Ẹ gé ọ̀dùnkún tútù kan sí méjì, kí ojú rẹ̀ tẹ́ dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ nu omi ara rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù ya ewé tàbí ìràwọ̀ sí i. Kí àgbàlagbà fi ọ̀bẹ kékeré gé etí rẹ̀ kúrò, kí àwòrán yọ sókè ní ìwọ̀n ìdajì ìka. Ẹ da ọ̀dà omi díẹ̀ sórí kànìnkànìn nínú àwo, ẹ tẹ ọ̀dùnkún náà mọ́ ọn, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle tí ẹ ti ṣẹ́ sí méjì. Ẹ má fà á. Ẹ gbé e sókè gbọnrangandan. Bí ẹ bá fẹ́ fín "Ẹ kú ọdún", ẹ kọ ọ́ sórí bébà fẹ́lẹ́, ẹ yí ẹ̀yìn bébà náà padà, bí ẹ ti rí i ní ẹ̀yìn ni kí ẹ fín in. A kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi orúkọ Allah tàbí àyọkà Kùránì kọ́ṣẹ́, nítorí bébà tí ó bá bàjẹ́ lè bọ́ sílẹ̀ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ́ iṣẹ́ ná.

Ìkìlọ̀ kan kù. Iṣẹ́ orí páànù tí ó ní ásíìdì nínú kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà, pàápàá fún aláboyún àti ọmọdé. Ẹni tí ó bá ń ṣe é, ìta gbangba ni kí ó ti ṣe é, kí ó fi ìbọ̀wọ́ àti awò ojú dáàbò bo ara rẹ̀, kí ó má sì ṣe rọ ásíìdì sínú ìgò tí a fi ń mu omi tàbí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ọ̀pọ̀ ìyá ti sunkún nítorí ìgò kan ṣoṣo.

Bí ọmọbìnrin yín bá sì ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nídìí ọ̀dùnkún yìí, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Obìnrin ni ó ń ya àdìrẹ kí olùkọ́ àwòrán kankan tó dé Zaria. Ẹ fún un ní pákó. Ẹ kó èyí tí ó bá tẹ̀ pamọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ọdún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tẹ ogún, kí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá ìyá rẹ̀ lábúlé, kí ó fi ọ̀kan fún ústáàsì rẹ̀, kí ó ta ìyókù fún àwọn ará àdúgbò kí ó fi ra ìwé. Bàbá tí ó bá rí owó ìwé náà, bóyá yóò tún ìbéèrè rẹ̀ bi ní ọ̀nà mìíràn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, in ṣáà Allah. Kí Allah má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa run.